Nítorí Àyè Ṣọ́ọ̀bù, Mo Pa Mọ́tò Bàbá Ọkọ Mi

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ ka ìtàn yìí, ẹ má wulẹ̀ bá mi kẹ́dùn. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi náà, kó kà á tán ná. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe é, ọwọ́ òsì sì ni.

Abọ́sẹ̀dé lorúkọ mi, télọ̀ ni mí. Iba là ń gbé, nínú ilé tí bàbá ọkọ mi kọ́ kó tó kú: èmi, Bọ́lájí ọkọ mi, Tìmílẹ́hìn ọmọ wa, àti ìyá ọkọ mi. Ilé náà kọjú sí títì. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, àwọn ọmọ yunifásítì ń kọjá níwájú wa bí ẹni tí wọ́n tú sílẹ̀. Télọ̀ wo ni kò ní fẹ́ ṣọ́ọ̀bù sírú ibẹ̀?

Ṣùgbọ́n mọ́tò ló wà níbẹ̀. Pijó 505 àtijọ́ ni, ti bàbá ọkọ mi. Láti ìgbà tí bàbá ti kú ló ti dákẹ́ sójú kan lábẹ́ tapólì, tí adìyẹ ń yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kì í ṣe Pijó lásán, pé ó ní tọ́bò. Tọ́bò yìí rí bí ìkarahun ìgbín. Fáànù kékeré kan wà nínú rẹ̀ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ́ńjìnnì kí mọ́tò lè lágbára. Bí wọ́n bá tẹ iná mọ́ ọn, á máa súfèé. Ìtàn súfèé yìí ni ìyá ọkọ mi ń sọ lójoojúmọ́ ayé.

"Bí mo bá ti gbọ́ súfèé yẹn láti ìkòríta, mo ti mọ̀ pé bàbá yín ń bọ̀ nìyẹn. Màá gbé ọbẹ̀ kaná. Kó tó wọlé, ọbẹ̀ ti gbóná."

Okokomaiko ni mo ti ń ránṣọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tó yá, onílé gba ṣọ́ọ̀bù lọ́wọ́ mi fún ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ máa ta wíìgì. Mo kó máṣíìnì mi wá sínú yàrá wa, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn oníbàárà mi sá. Ta ló fẹ́ wá wọn ìbàdí nínú yàrá ọkọ ọlọ́kọ?

Mo bẹ ọkọ mi pé kó gbé mọ́tò yẹn kúrò. Ó ní ti bàbá òun ni. Mo bẹ ìyá rẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ọkọ mi má ní àyè nínú ilé tó kọ́?" Bẹ́ẹ̀, ọkọ yẹn ti wà nínú ilẹ̀.

Kí n má parọ́ fún yín, èmi àti ìyá yẹn kò fẹ́ràn ara wa. Ọlọ́wọ́ òsì ni mí. Omi àkọ́kọ́ tí mo gbé fún wọn nílé yìí, ọwọ́ òsì ni mo fi gbé e, wọn ò gbà á. Mo gbé e títí apá fi ń dùn mí. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ ọwọ́ mi ti dohun tí wọ́n fi ń jẹ oúnjẹ.

Èyí tó tún bí wọn nínú jù ni kókó. Bí mo ṣe ń so òwú ni mo ń so gbogbo nǹkan. Mo máa ń yí i sí òsì, màá wá dá ìdí rẹ̀ padà gba abẹ́ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó jẹ́ nylọ́nù gàrí ni mo so, kò sẹ́ni tó lè tú u nínú ilé àfi èmi.

"Ta ló so èyí?" Wọ́n á gbé nylọ́nù sókè. "Àfi kókó òsì ìyàwó Bọ́lájí! Abọ́sẹ̀dé, má so nǹkan mi mọ́ láyé ẹ. Oríkèé ọwọ́ ń dùn mí, mi ò lè máa bá kókó ẹ jìjàkadì."

Mo ní ẹ ṣé mà. Láti ìgbà náà, mi ò so ohunkóhun fún wọn mọ́.

Ìgbà tó wá ṣe, ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tún mọ́tò náà ṣe. Ọjà Àlàbá ló ti ń tún áńpù àti sípíkà ṣe, kì í ṣe mẹkáníìkì. Àmọ́ ó ti wo fídíò lórí fóònù títí ó fi gbà pé òun mọ̀ ọ́n. Gàníyù ọ̀rẹ́ rẹ̀, tó ní ọgbà mẹkáníìkì ní Okokomaiko, ń wá bá a ṣe é. Wọ́n já gbogbo ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ níwájú ilé. Wọ́n gbé tọ́bò kiri kí wọ́n tó rí ẹni bá wọn tún un ṣe. Ilé wa ń rùn fún bẹntiróòlù, aṣọ oníbàárà mi ń rùn fún bẹntiróòlù.

Lọ́jọ́ kan, mo fẹ́ se ọbẹ̀, mo ṣí ìkòkò mi. Písítìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló wà níbẹ̀, wọ́n rì sínú epo.

"Dádì Tìmí, kí lèyí ń ṣe nínú ìkòkò mi?"

"Má bínú. Bó bá ti mọ́, màá fi ọṣẹ fọ ìkòkò náà."

"Ẹ má fọ̀ ọ́ o. Ẹ bu ata sí i, kí ìyá yín jẹ ẹ́!"

Mo da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ariwo ta. Ìyá ọkọ mi jáde pẹ̀lú ìborùn léjìká, ojú wọn le koko.

"Ó tó!" wọ́n ní. "Abọ́sẹ̀dé, gbọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo fún mọ́tò yìí. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá sítáàtì rẹ̀, bó bá dún, Bọ́lájí máa kan páànù lé e lórí níbí, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bí kò bá dún, ká pe àwọn oníkóńdẹ́mù tó ń ra ògbólógbòó irin kí wọ́n wá wọ́ ọ lọ. Kí o gba àyè. Ṣé ó tẹ́ ọ lọ́rùn?"

Ó tẹ́ mi lọ́rùn. Látìgbà náà ni mo ti ń gbàdúrà kí mọ́tò náà má dún. Mo ń gbààwẹ̀ sí i pàápàá. Ọlọ́run kò dá mi lóhùn, ẹ́ńjìnnì náà ń to ara rẹ̀ pọ̀ ni.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, ó ku ọ̀la kí wọ́n sítáàtì rẹ̀. Ọkọ mi wà ní Àlàbá. Gàníyù nìkan ló ń ṣiṣẹ́ níwájú ilé. Nígbà tí àkókò ìrun tó, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó mú àkísà kan tí ìyá ọkọ mi gé fún un lára ṣẹ́ẹ̀tì àdìrẹ bàbá, ó fi bo ẹnu tọ́bò, ó sì so ó. Ìwọ̀nba ni ó so ó, irú kókó tí èèyàn kàn ń fà létí tó sì máa tú.

"Ìyàwó wa," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lé adìyẹ níbí. Bí nǹkan kékeré bá fi lè wọ ẹnu tọ́bò yìí, iṣẹ́ gbogbo wa ti parí nìyẹn. Fáànù inú rẹ̀ máa fọ́, àfọ́kù rẹ̀ á sì wọ inú ẹ́ńjìnnì lọ."

Ẹnu ara rẹ̀ ló fi kọ́ mi.

Ó lọ. Mo ń sá aṣọ ìyá ọkọ mi sórí okùn. Wọ́n ń sùn nínú ilé. Mo wo títì, mo rí àwọn ọmọ yunifásítì tí wọ́n ń kọjá, ọ̀kan gbé yádì àǹkárá tuntun dání nínú nylọ́nù. Ó ń lọ bá télọ̀ ẹlòmíràn. Ó dùn mí dé egungun.

Mo sún mọ́ mọ́tò náà. Mo ní kí n kàn wò ó ni. Ẹ ṣáà mọ irọ́ tí èèyàn ń pa fún ara rẹ̀. Abọ́ tí Gàníyù kó bóòtù àti nọ́ọ̀tì sí wà lórí ilẹ̀. Mo mú nọ́ọ̀tì kan. Mo fa etí àkísà, ó tú wọ́ọ́rọ́. Mo fi nọ́ọ̀tì náà sẹ́nu tọ́bò, ó dún kin-in. Mo fi ìka tì í wọ kọ̀rọ̀ inú lọ́hùn-ún.

Mo ṣì lè yọ ọ́. Ìka mi ṣì kàn án. Mo fẹ́ yọ ọ́, mo fi Ọlọ́run búra fún yín.

Ìgbà yẹn gan-an ni ohùn ìyá ọkọ mi jáde láti ojú fèrèsé.

"Abọ́sẹ̀dé! Ṣé o ò fi ọwọ́ òsì sá aṣọ mi o? Èyí tí o sá lánàá, ńṣe ló rí játijàti lára mi!"

Mo yọ ìka mi, mo fi nọ́ọ̀tì sílẹ̀. Mo fi àkísà bo ẹnu tọ́bò, mo so ó. Ọwọ́ mi ló so ó, ọkàn mi ti wà nínú ṣọ́ọ̀bù.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ará àdúgbò kún iwájú ilé wa. Wọ́n gbé àga fún ìyá ọkọ mi. Ìyá yẹn wọ bùbá funfun, wọ́n kun àtíkè bí ìyàwó tuntun. Ọkọ mi fa etí àkísà náà. Kò tú. Ó tún fà á.

"Gàníyù, kí ló dé tí kókó yìí le báyìí?"

Gàníyù wò ó. "Kì í ṣe bí mo ṣe so ó nìyí."

Àyà mi já, ṣùgbọ́n ẹnu mi yá ju àyà mi lọ. "Háà! Bọ̀ọ̀dá Gàníyù, ẹ̀yin náà kọ́ lẹ so ó ni? Àbí adìyẹ ló so ó?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi fi ọ̀bẹ gé àkísà náà lódìkejì kókó, ó jù ú sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n mú un, wọ́n fi sínú ìró wọn. Mo ní ìyá arúgbó, nítorí pé ara aṣọ ọkọ wọn ni, wọn ò ní fẹ́ kó sọnù. Ọkọ mi àti Gàníyù di páìpù mọ́ ẹnu tọ́bò.

Ọkọ mi sítáàtì. Ó kọ̀, ó tún kọ̀, lẹ́yìn náà ó gbà. Àwọn èèyàn hó yèè. Inú mi bàjẹ́. Mo rò pé nọ́ọ̀tì náà ti rọra kú síbi tí mo tì í sí. Ọkọ mi tẹ iná mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, lójijì ni mọ́tò náà súfèé.

Ìyá ọkọ mi dìde lórí àga. Wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. "Bàbá Bọ́lájí," wọ́n ní. Omi ti ń bọ́ lójú wọn.

Ọkọ mi tún tẹ̀ ẹ́. Súfèé náà yí padà. Ó di igbe, ó di gbàrà-gbàrà bí ìgbà tí wọ́n da irin sínú ẹ̀rọ ata. Èéfín bo gbogbo wa. Lẹ́yìn náà, ẹ́ńjìnnì kú.

Ìyá ọkọ mi ṣì wà lórí ìdúró.

Wọ́n já tọ́bò. Fáànù ti fọ́ yángá, nọ́ọ̀tì tó ti rún sì wà láàárín rẹ̀. Ọkọ mi gbé e lé àtẹ́lẹwọ́. Ó wo ọ̀rẹ́ rẹ̀.

"Gàníyù, nọ́ọ̀tì inú abọ́ ẹ nìyí."

"Bọ́lájí, mo so ẹnu ẹ̀ kí n tó lọ. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀."

"Báwo ló ṣe débẹ̀? Ó fò ni?"

Ó yẹ kí n dákẹ́. Èmi ha lè dákẹ́? "Ẹ bi í dáadáa," mo ní. "Ẹni tẹ́ ẹ ń pè lọ́rẹ̀ẹ́. Bó bá bà á jẹ́, ṣé kò ní í rí i tún ṣe?"

Gàníyù kó sípánà rẹ̀ sápò. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó dúró. "Ìyàwó wa, ẹ̀yin lẹ wà nílé."

"Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn sọ?"

"Mi ò sọ nǹkan kan." Ó lọ.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni mo wí nínú ara mi. Ìyá ọkọ mi mú àdéhùn wọn ṣẹ. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má dá sí i, pé àwọn fúnra wọn ló máa bá àwọn oníkóńdẹ́mù sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọkọ mi wà lọ́jà, mọ́tò kan wá, ó sì fi okùn wọ́ Pijó náà lọ. Káfíńtà bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi.

Ní ti Gàníyù, ọ̀rọ̀ náà dé Okokomaiko kí òun tó débẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Gbàgbé-nọ́ọ̀tì. Àwọn tó ń gbé mọ́tò wá bá a gbé e lọ síbòmíràn. Ẹ̀yin rò pé ta ló ń sọ ọ́ kiri? Èmi ni. Bí mo bá ń wọn oníbàárà, ìtàn tí mo fi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín nìyẹn. Ọkọ mi ò bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́. Ọ̀rẹ́ láti kékeré!

Ohun kan ṣáà yà mí lẹ́nu. Ìyá ọkọ mi rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Wọn ò bá ọwọ́ òsì mi jà mọ́. Bí mo bá gbé oúnjẹ fún wọn, wọ́n á gbà á. Wọ́n á kàn máa wò mí, bí ẹni pé wọ́n ń retí kí n sọ nǹkan. Mo rò pé mo ti ṣẹ́gun.

Ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo pe ìyàwó pásítọ̀, mo pe gbogbo àdúgbò. Mo ra mínírà àti mítípáì. A gbàdúrà tán báyìí ni ìyá ọkọ mi wọlé. Gàníyù tẹ̀ lé wọn.

"Ta ló pe ọkùnrin yìí?" mo ní.

"Èmi ni," ni wọ́n wí. Wọ́n tẹ́ gèlè wọn kan sórí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ, wọ́n kó yádì aṣọ díẹ̀ sí i. "Èmi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ fún ọ. Àmọ́ mi ò tíì mọ sítáìlì tí mo fẹ́. Bá mi di ẹrù yìí kó wà lọ́dọ̀ ẹ. Oríkèé ọwọ́ ń dùn mí."

Ẹ gbọ́ mi o, inú mi dùn. Láti ọdún tí mo ti wọ ilé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n ní kí n so nǹkan fún àwọn. Lójú gbogbo ayé! Mo di ẹrù náà. Mo so ó dáadáa, bí mo ṣe ń so nǹkan.

Ìyá ọkọ mi ki ọwọ́ bọ inú bùbá, wọ́n sì fa àkísà àdìrẹ jáde. Kókó náà ṣì wà lára rẹ̀. Wọ́n fi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kókó tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ so.

"Bọ́lájí," wọ́n ní, "sún mọ́ ibí. Wo méjèèjì."

Ìyàwó pásítọ̀ ló kọ́kọ́ lanu. "Ọwọ́ kan náà ni," ó ní, ó sì gbé mítípáì tó ń jẹ sílẹ̀.

"Ọ̀pọ̀ èèyàn ló lè so kókó!" mo pariwo.

"Báyìí?" Ìyá ọkọ mi kò gbé ohùn sókè. "Láti ọjọ́ tí mọ́tò náà ti kú ni mo ti mọ̀. Mo dúró dè ọ́. Mo ní o máa sọ ọ́ nígbà tí Bọ́lájí ń fẹ̀sùn kan Gàníyù. O ò sọ. Mo ní o máa sọ ọ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ bá ń bàjẹ́. Ìwọ lò ń sọ irọ́ yẹn kiri. Mo gba oúnjẹ lọ́wọ́ òsì ẹ, mo ní bóyá ibẹ̀ lo máa ti sọ ọ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́! Ẹ̀yin náà lẹ jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ bàjẹ́!"

"Gàníyù náà mọ̀," wọ́n ní. "Ọgbà rẹ̀ ni mọ́tò ọkọ mi wà, kò dé ọ̀dọ̀ oníkóńdẹ́mù kankan. Mo bẹ̀ ẹ́ kó ní sùúrù, pé ọmọ wà láàárín ìwọ àti Bọ́lájí, kí o lè fẹnu ara ẹ jẹ́wọ́. Ojú tì mí níwájú rẹ̀. Sùúrù mi ló tán lónìí."

Mo wo ọkọ mi. Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ì bá sàn kó gbá mi. Ó kàn ń wo kókó inú àkísà náà.

"Tú u," ó ní.

Mo mú àkísà náà. Èmi tí mo máa ń tú u láìwò ó, kókó náà kò tú. Mo nawọ́ sí sáásì.

"Má gé e. Ìwọ lo so ó. Tú u."

Mo fi èékánná tú u, mo fi eyín tú u, níwájú gbogbo oníbàárà tí mo pè. Kò tú. Wọ́n ń jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ mi yíjú sí Gàníyù, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Gàníyù fà á dìde. Àwọn méjèèjì jáde, wọ́n fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àkísà lẹ́nu.

Ọkọ mi kò lé mi. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ ọmọ. Kò sọ̀rọ̀ mọ́tò níwájú mi mọ́.

Mo lọ bẹ Gàníyù ní Okokomaiko. Mo kúnlẹ̀ sínú ọ́ìlì dúdú nínú ọgbà rẹ̀. Kò ní kí n dìde.

"Ìyàwó wa, èmi ti mọ òótọ́ tẹ́lẹ̀," ó ní. "Àwọn tẹ́ ẹ sọ irọ́ yẹn fún ni kẹ́ ẹ lọ sọ òótọ́ fún. Bí wọ́n bá ti padà wá, kẹ́ ẹ wá bẹ̀ mí."

Mo ti ń sọ ọ́ láti ìgbà náà. Mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà tó kù sí mi lọ́wọ́, àwọn kan sì sá lọ nítorí ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ fún ẹ̀yin náà nìyí: Gàníyù kò gbàgbé nọ́ọ̀tì kankan. Mẹkáníìkì gidi ni. Èmi ni mo fi nọ́ọ̀tì síbẹ̀.

Ẹ̀yin ìyàwó ilé, bí ìyá ọkọ yín ò bá gba omi lọ́wọ́ yín, ẹ bá wọn jà ní gbangba, kí gbogbo ayé gbọ́. Ẹ má lọ fi ọwọ́ ẹ̀yìn ṣe é. Ó dùn mí pé mo ṣe é. Ìyá yẹn ṣì ń bí mi nínú, mi ò ní í parọ́ ìyẹn náà.

Wọ́n ti gbé Pijó náà padà. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi gan-an ni wọ́n gbé e sí, débi tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fẹ̀gbẹ́ wọlé. Wọ́n ti rí tọ́bò mìíràn, ọkọ mi àti Gàníyù sì tún ti ń tò ó.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, bí Gàníyù bá ń lọ kírun, á fi àkísà bo ẹnu tọ́bò náà, á so ó wọ́ọ́rọ́ bó ṣe máa ń so ó. Kì í sọ fún mi pé kí n lé adìyẹ mọ́. Ìyá ọkọ mi á gbé àga wọn jáde, wọ́n á fi ẹ̀yìn ti mọ́tò, wọ́n á kọjú sí mi. Èmi á máa ránṣọ, àwọn á máa wo ọwọ́ mi. Títí Gàníyù á fi ti mọ́ṣáláṣí dé, wọn kì í dìde, kódà bí òjò bá ń rọ̀.